Káńsù Fẹ́ Tún Òfin Ilé Kíkọ́ Ṣe: Ṣé Ká Sáré Kọ́lé Ṣíwájú Rẹ̀ Ni?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì ni èmi àti ọkọ mi kọ́ ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. A gba ìwé àṣẹ, a sì san gbogbo owó tí wọ́n ní ká san. Ní báyìí, à ń múra láti gbé àjà kẹta lé e, ká sì sọ ìsàlẹ̀ di ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Àfi bí a ṣe gbọ́ pé káńsù ìlú wa fẹ́ tún òfin ilé kíkọ́ àti ti ààbò níbi iṣẹ́ ìkọ́lé ṣe. Àbúrò mi tó jẹ́ kọngílá ní ká yára kọ́ ọ kí òfin tuntun tó jáde, pé owó lásán ni wọ́n ń wá. Ọkọ mi ní ká dúró. Aládùúgbò wa kan ní gbogbo ilé àtijọ́ ni wọ́n máa fi ọ̀dà pupa sàmì sí fún wíwó. Ọ̀rọ̀ ta ni ká gbà gbọ́?”

Arábìnrin mi, ẹ kú àníyàn. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ni pé ṣé òfin tuntun lè mú ilé tí ẹ ti kọ́ tẹ́lẹ̀. Èkejì ni pé ṣé ó yẹ kí ẹ sáré ṣíwájú òfin. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹ kò bi mí, òun gan-an ló sì mú kí n jókòó kọ ìdáhùn gígùn yìí: ṣé ilé yín lè ru ohun tí ẹ fẹ́ gbé lé e lórí? Bí òfin yí padà, bí kò yí padà, ìbéèrè kẹta yẹn kò ní kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti aládùúgbò yín, torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí onílé sùn. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ìlú tó ní òfin ilé kíkọ́, òfin tó wà lóde lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí pláànù ilé ni wọ́n fi ń dá ilé náà lẹ́jọ́. Òfin tuntun kì í máa kan ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìlú tí ilé rẹ̀ máa ṣẹ́kù bí wọ́n bá ní kí gbogbo èyí tó ti wà nílẹ̀ bá òfin tuntun dọ́gba ní ọjọ́ tó jáde. Ẹ wo International Building Code, ìwé tí ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà gbé òfin tiwọn lé: ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún un tẹ̀. Ẹni tó kọ́lé lọ́dún 2000, tí ìwé náà kọ́kọ́ jáde, ì bá ti wó ilé rẹ̀ tún kọ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ títí di 2024. Ohun tó ń pe òfin tuntun wọlé ni iṣẹ́ tuntun. Bí ẹ bá fi kún ilé, bí ẹ bá yí ìlò rẹ̀ padà, tàbí bí iná tàbí ìjì bá bà á jẹ́ débi pé àtúnṣe rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kíkọ́ ọ̀tun, ilé yẹn ti padà dé iwájú káńsù nìyẹn. Ẹ̀yin fúnra yín sì ti kọ méjì nínú mẹ́ta yìí sínú lẹ́tà yín. Bí ẹ bá fi ilé yín sílẹ̀ bó ṣe wà, ó ṣeé ṣe kí òfin tuntun jáde kó má kàn yín rárá. Bí ẹ bá gbé àjà kẹta lé e, tí ẹ sì kó ọmọdé sí ìsàlẹ̀, ọwọ́ ara yín lẹ fi ṣílẹ̀kùn fún un.

Mi ò ní sọ fún yín pé òfin kì í padà sẹ́yìn rárá. Ó máa ń padà, àmọ́ ewu kan pàtó tí ojú ti rí ló sábà máa ń tìtorí rẹ̀ padà. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Northridge, ní Los Angeles, lọ́dún 1994, àwọn ilé onípákó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìsàlẹ̀ wọn gbọ́kọ̀ sí, tó jẹ́ pé òpó tín-ín-rín ló pọ̀ nísàlẹ̀ ju ògiri lọ. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo, ènìyàn 16 ló kú nígbà tí àjà òkè wó lé ìsàlẹ̀. Lọ́dún 2015, káńsù Los Angeles ṣe òfin pé kí onílé fún irú ilé bẹ́ẹ̀ lágbára, títí kan èyí tó ti wà tipẹ́. Síbẹ̀, ọdún méje ni wọ́n fún onílé láti parí iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí ìwé bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ní Surfside, ní ìpínlẹ̀ Florida, ilé alájà 12 kan wó lóru ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ènìyàn 98 sì kú. Lọ́dún kejì, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé irú àwọn ilé àjùmọ̀ní bẹ́ẹ̀, tó bá ga tó àjà mẹ́ta, gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò fínnífínní bí wọ́n bá ti ń pé ọgbọ̀n ọdún. Àyẹ̀wò ni wọ́n pa láṣẹ, kì í ṣe wíwó. Ilé tí ẹ bá rí ọ̀dà pupa lára rẹ̀, èyí tó ti fẹ́ wó fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, òfin àtijọ́ náà sì ti lè fi ọ̀dà kùn ún tipẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá bìkítà.

Ti àbúrò yín ló le jù, torí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹni tó bá ti fi pláànù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù kí òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òfin àtijọ́ ni wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Owó ìwé àṣẹ sì máa ń gbówó lórí bí òfin bá yí padà, mo sì ti ṣiṣẹ́ níbi tí olùyẹ̀wò ti sọ ìbẹ̀wò di ọ̀nà ìjẹ. Ìbànújẹ́ ni, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò yín kò sọ pé kí ẹ yára fi pláànù sílẹ̀. Kí ẹ yára kọ́ ọ ló sọ. Ọ̀nà méjèèjì jìn síra. Òpó tí ẹ gbé nàró láìsí ìwé kò ní ẹ̀tọ́ kankan lábẹ́ òfin àtijọ́, kò sì ní lábẹ́ tuntun. Ìwé àṣẹ tí ẹ gbà lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, ilé alájà méjì ló wà fún, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti parí.

Kọnkéré kò sì mọ ọjọ́ tí káńsù máa jókòó. Ọjọ́ 28 la fi ń wọn agbára rẹ̀. Lọ́jọ́ keje, èyí tí wọ́n pò dáadáa tí wọ́n sì ń bomi rin á ti ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tó yẹ kó ní. Ìyókù á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń sáré á yọ igi tó gbé dẹ́kìn (kọnkéré pẹrẹsẹ tó wà láàárín àjà kan àti òmíràn) ró kí àsìkò tó tó. Á bu omi kún kọnkéré kó lè tètè ṣàn wọ àárín irin, nígbà tó bá sì dà á tán, kò ní ráyè bomi rin ín mọ́. Omi àpọ̀jù yẹn, bó bá gbẹ, ihò wẹẹrẹ ló ń fi sílẹ̀. Ojú kò lè rí ihò náà, àmọ́ ibẹ̀ ni omi àti atẹ́gùn á máa gbà dé ọ̀dọ̀ irin títí irin á fi dípẹtà, tí á wú, tí á sì la kọnkéré láti inú. Nínú gbogbo ilé tí mo ti yẹ̀ wò lẹ́yìn tó ti sán, mi ò tíì rí èyí tí ìkánjú kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá sọ pé owó lásán ni wọ́n ń wá, kó wo ibi tí àwọn òfin wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá. Àwọn àgbà ní àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Díẹ̀ ni ìlà tó wà nínú ìwé òfin ilé kíkọ́ tí kò ní kòtò tirẹ̀. Ìlà tó sọ pé ilẹ̀kùn ibi tí èrò ń pọ̀ sí gbọ́dọ̀ ṣí síta gba ilé fàájì kan ní Boston kọjá, Cocoanut Grove, níbi tí iná ti pa ènìyàn 492 lọ́dún 1942, tí àwọn tó ń sá sì há mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn tó ń yí po àti èyí tó ń ṣí sínú. Ìlà tó ní bí ibì kan bá bàjẹ́ lára ilé, ilé kò gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ wó kọjá bó ṣe yẹ, Ronan Point ní Lọ́ńdọ̀nù ló bí i. Lọ́dún 1968, obìnrin kan fẹ́ tan sítóòfù gáàsì ní àjà kejìdínlógún. Gáàsì bú gbàù, odindi igun ilé alájà 22 náà sì ya lulẹ̀ látòkè délẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin kú. Wọn kò tíì lo oṣù mẹ́ta nínú ilé náà.

Èyí tó jọ ti yín jù lọ, tí mo sì fẹ́ kí ẹ kà sí àbúrò yín létí, ni ti Rana Plaza ní orílẹ̀-èdè Bangladesh. Ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ilé náà. Nígbà tó yá, wọ́n fi àjà kún àjà láìgba àṣẹ tó tọ́, títí ó fi di alájà mẹ́jọ, wọ́n sì kó ilé iṣẹ́ aránṣọ sí àwọn àjà òkè, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n rìrì àti jẹnẹrétọ̀ ńláńlá. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2013, òpó sán, gbogbo ènìyàn sì rí i. Báǹkì àti ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ wọn má wá. Àwọn tó ń ránṣọ lókè, wọ́n ní kí wọ́n padà wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ilé náà sì wó lulẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ènìyàn 1,134 ló kú. Ẹ wo ohun tó wà nínú ìtàn yìí: àjà tí wọ́n fi kún ilé, ìlò tí wọ́n yí padà, ìkánjú. Ilé yín kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ilé jẹ́lé-ó-sinmi kò sì ní ẹ̀rọ. Àmọ́ òfin ìwúwo kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí ilé ńlá àti kékeré.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀. Mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gígùn, mítà kan ní gíga kọnkéré tó ní irin nínú ń wúwo tó nǹkan bí kílò 2,500. Bí dẹ́kìn yín bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kílò 375 ni gbogbo mítà kan níbùú lóròó rẹ̀. Ilé tó bá jẹ́ mítà mẹ́wàá níbùú, mítà mẹ́wàá lóròó, dẹ́kìn nìkan ti di kílò 37,500, kí ẹnikẹ́ni tó to bùlọ́ọ̀kù kan lé e, kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, kí wọ́n tó kan òrùlé, kí ènìyàn tó wọ ibẹ̀ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àti àpótí. Gbogbo ẹrù yìí kò ní dúró sókè. Láti dẹ́kìn á lọ sí bíìmù, láti bíìmù sí òpó, láti òpó sí ìpìlẹ̀, ìpìlẹ̀ á sì gbé e fún ilẹ̀. Ibi tó bá rẹ̀ jù lọ́nà yìí ni ilé á ti kú. Ẹni tó bá ní òpó yín ṣì le bí òkúta, ẹ bi í pé báwo ni ìpìlẹ̀ ṣe jìn tó, irú erùpẹ̀ wo ló sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ ní ìsàlẹ̀ lẹ fẹ́ fi ṣe ilé ìwé, ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀, torí ilẹ̀ ló máa gbé ìwúwo àwọn ọmọ náà. Àmọ́ kò pẹ́ tí mo fi rántí ògiri. Yàrá ilé ìgbé kì í fẹ̀ tó yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún yín ni pé kí wọ́n yọ ògiri àárín kúrò kí yàrá méjì lè di ọ̀kan. Nínú ọ̀pọ̀ ilé alájà méjì, ògiri ìsàlẹ̀ kì í ṣe ìbòjú lásán. Òun pẹ̀lú ń ru ẹrù, tàbí kó jẹ́ pé òun ni kò jẹ́ kí ilé fì sọ́tùn-ún sósì. Ẹ ó yọ agbára ìsàlẹ̀, ẹ ó sì fi ìwúwo kún òkè, nínú iṣẹ́ kan náà. Ohun tí Los Angeles ṣe òfin sí lọ́dún 2015 gan-an nìyẹn: ilé tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ju òkè lọ. Kò dìgbà tí ilẹ̀ bá mì kí ó tó pani lára.

Mo ti rí i rí. Wọ́n pè mí sí ilé kan tó ti pé ogún ọdún, tí onílé fẹ́ gbé àjà kẹta lé bíi tiyín. Pláànù tí káńsù fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi yangàn fún mi. Irin mẹ́fà tó nípọn mìlímítà 16 ni pláànù ní kó wà nínú òpó àárín. A gbẹ́ òpó náà díẹ̀, irin mẹ́rin ni a bá, mìlímítà 12 sì ni wọ́n. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, kò tó ìdá méjì nínú márùn-ún irin tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ti fi ogún ọdún sùn lábẹ́ ilé náà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, torí ilé alájà méjì kò tíì béèrè gbogbo agbára òpó yẹn. Àjà kẹta ni ì bá béèrè rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìwé tí káńsù fọwọ́ sí kò tó ẹ̀rí fún mi mọ́ nípa ohun tó wà nínú ilé. Ohun tí ẹnìkan fojú rí kí wọ́n tó da kọnkéré bò ó, tàbí ohun tí a padà gbẹ́ wò, òun ni ẹ̀rí.

Ibẹ̀ ni mo ti ń wo òfin tuntun èyíkéyìí. Tọ́kì ní òfin ilé kíkọ́ tó dára lórí ìwé, tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì níbẹ̀ lọ́dún 1999. Àmọ́ lọ́dún 2018, ìjọba gbà kí àwọn tó rú òfin san owó, kí wọ́n sì gba ìwé tó sọ ilé wọn di èyí tó bófin mu. Nígbà tí ilẹ̀ mì lọ́jọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2023, ó lé ní 50,000 ènìyàn tó kú ní orílẹ̀-èdè náà, àwọn ilé tuntun pẹ̀lú sì wà lára èyí tó wó. Èmi náà ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó tún òfin ìlú kan ṣe. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ilé, bó ti wù kó kéré tó, ló gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ẹnjiníà. Inú mi dùn sí ìlà yẹn. Láàárín ọdún méjì, a rí i pé àwọn kan ti ń ta òǹtẹ̀ wọn lórí ìwé láìdé ibi iṣẹ́. A ti fi òǹtẹ̀ kún un láìfi ojú kún un. Ó ṣì ń dùn mí, torí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ló san owó òǹtẹ̀ náà, kò sì rí ààbò kankan gbà padà.

Nítorí náà, bí káńsù yín bá pe ará ìlú sí ìjókòó lórí òfin yìí, ẹ lọ, ẹ mú ọkọ yín àti àbúrò yín dání. Ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni òfin máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí pláànù tó bá ti wà lọ́wọ́ wọn ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ bi wọ́n pé ṣé orí kan wà nínú rẹ̀ fún ilé tó ti wà, tàbí ilé tuntun nìkan ni wọ́n rò. Ẹ bi wọ́n pé olùyẹ̀wò mélòó ni wọ́n ní, ìpele wo nínú iṣẹ́ ni wọ́n máa wá wò, pàápàá ṣé wọ́n máa rí irin kí kọnkéré tó bò ó. Ìlú tó sọ òfin di líle ju ti tẹ́lẹ̀ tí kò sì fi olùyẹ̀wò kan kún àwọn tó ní, òru ló ń lé àwọn ènìyàn sí láti kọ́lé. Kí ẹ sì sọ̀rọ̀ nípa owó láìtijú. Òfin tó dáa máa ń mú ilé kíkọ́ wọ́n sí i, ẹni tó bá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ kò tíì kọ́lé rí. Ohun tó yẹ ká máa jiyàn lé lórí ni bí wọ́n ṣe máa pín ẹrù náà: bóyá owó ìwé á kéré fún ilé kékeré, bóyá wọ́n á fún onílé ní àsìkò tó pọ̀ tó.

Apá tó kan ààbò àwọn òṣìṣẹ́, àbúrò yín ni kó fetí sí i jù. Ní Amẹ́ríkà, kòtò tó bá ti jìn tó mítà kan ààbọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi nǹkan gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ró tàbí kí wọ́n gbẹ́ ẹ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àfi bó bá jẹ́ àpáta. Ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ ìkọ́lé níbi tó ga tó nǹkan bí mítà méjì gbọ́dọ̀ ní ohun tí kò ní jẹ́ kó já bọ́. Erùpẹ̀ tó kún mítà kan níbùú, lóròó àti lóòró lè wúwo ju kílò 1,500 lọ, kò sì sí ènìyàn tó lè mí lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tiyín tún ní ewu mìíràn: ẹ ó ṣì máa gbé inú ilé nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ lókè. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láìsí ìwé tí bùlọ́ọ̀kù sì já bọ́ lu ẹni tó ń kọjá lọ, ẹ̀yin onílé pẹ̀lú ni wọ́n á kọ́kọ́ wá.

Ti àwọn ọmọ náà kò ní gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ bí a ṣe ń sá iná. Ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò gbé e. Ìdí nìyẹn tí òfin fi máa ń béèrè ọ̀nà àbájáde tó ju ọ̀kan lọ níbi tí ọmọdé bá pọ̀ sí, àti ohun tó máa dá iná dúró láàárín ilé ìwé àti ilé ìgbé. Ẹ máa wo ohun tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ ara ilé pẹ̀lú. Ilé gogoro Grenfell Tower ní Lọ́ńdọ̀nù ti dúró láti 1974. Lọ́dún 2016 ni wọ́n parí àtúnṣe tó fi ohun tó ń gbaná wọ̀ ọ́ lára, ọdún tó tẹ̀ lé e ni iná sì gba ibẹ̀ gun òkè, tí ènìyàn 72 kú.

Ní ti ohun tí ẹ máa ṣe, mo fara mọ́ ọkọ yín ní ìdajì. Kí ẹ dúró, àmọ́ kí ẹ má káwọ́ gbera. Ẹ pe ẹnjiníà tó mọ̀ nípa agbára ilé, kó gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ wò, kó fi ẹ̀rọ wá irin inú òpó àti bíìmù, kó mú kọnkéré díẹ̀ lọ dánwò. Owó rẹ̀ máa dùn yín, ó sì lè parí sí “rárá.” Bó bá sọ pé ilé lè rù ú, ẹ ya pláànù, ẹ sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù; bí ọjọ́ òfin àtijọ́ kò bá tíì kọjá, ẹ lè jàǹfààní rẹ̀ láìṣe àbòsí. Ṣùgbọ́n èmi, bí mo bá wà nípò yín, ìlànà tó le jù nínú méjèèjì ni màá tẹ̀ lé nítorí àwọn ọmọ. Bó bá sọ pé kò lè rù ú, wọ́n lè fi kọnkéré àti irin tuntun wé òpó kí wọ́n sì fẹ ìpìlẹ̀ lójú, iṣẹ́ tó nira tó sì wọ́n ni. Wọ́n sì lè fi irin fẹ́lẹ́ àti pákó kọ́ àjà kẹta kó lè fúyẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí pẹ̀lú gba ìṣirò. Bí ilẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ilé ìwé tó dá dúró, tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ló wù mí jù fún yín. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ kì í sábà ṣẹ́kù.

Mi ò rí ilé yín, mi ò sì ka àbá òfin ìlú yín. Òfin tí wọ́n ń jíròrò lé lórí lónìí lè yí padà kí àwọn káńsẹ́lọ̀ tó dìbò sí i, nítorí náà ẹ bi òṣìṣẹ́ káńsù tàbí agbẹjọ́rò nípa ọjọ́ àti ẹ̀tọ́ yín, kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ẹ̀rí níbẹ̀. Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ fi ògiri tó mọ́ tó sì dán hàn, àmọ́ ọ̀dà kò lè sọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún mi. Ohun tí ẹ lè ṣe láti ọ̀la ni pé kí ẹ wá pláànù àkọ́kọ́ jáde, kí ẹ bi bíríkìlà tó kọ́ ilé náà bó bá ṣì wà láàyè pé báwo ni ìpìlẹ̀ ṣe jìn tó, kí ẹ sì wá àwòrán èyíkéyìí tí ẹ yà nígbà tí irin ṣì wà níta. Kí ẹ sì sọ fún àbúrò yín, pẹ̀lú sùúrù, pé kó má fi òòlù kan ògiri ìsàlẹ̀ yẹn títí ẹnjiníà á fi dé.